Báwo ni ẹ ṣe ka ìtàn lítíréṣọ̀ Sípéènì àti ti Amẹ́ríkà elédè Sípéènì ní yunifásítì? Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èdè Sípéènì ni mo sì yàn láàyò. Ní ọdún kìíní, gírámà àti ọ̀rọ̀ sísọ ni a gbájú mọ́, ọkàn mi sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti wọ inú ẹ̀kọ́ ìtàn lítíréṣọ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn tí ó sì dé òní, ni nǹkan ti dojú rú fún mi. Ìwé atọ́nà tí wọ́n fún wa nípọn bí búlọ́ọ̀kù. Mo há orúkọ àwọn òǹkọ̀wé, ọdún tí wọ́n bí wọn àti àkọlé ìwé wọn sórí bí ẹni ń há ìsọdipúpọ̀, mo rò pé iṣẹ́ ni mo ń ṣe. Nígbà tí mo wá kọ àròkọ mi àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Garcilaso de la Vega tí ó kọ soneto (ewì onílà mẹ́rìnlá) ni ó tún kọ ìtàn àwọn ọba Inca. Máàkì tí mo gbà kò dára, ṣùgbọ́n ohun tí olùkọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà ni ó dùn mí jù: ó ní ó jọ pé n kò ka ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì. Òótọ́ ni ó sọ.

Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ti Sípéènì ni kí n kọ́kọ́ kà tán kí n tó bọ́ sí ti Amẹ́ríkà? Ṣé ó sì ní ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti kan ọmọ Yorùbá, tàbí ìdánwò lásán ni mo ń kà á fún?

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:

Àbúrò wa, má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Garcilaso yẹn bà ọ́ nínú jẹ́. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, kò sí èyí tí ẹnì kan kò ṣi àwọn méjèèjì mú fún ara wọn. Èmi a tilẹ̀ máa fi àṣìṣe náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá tú u palẹ̀ dáadáa ti rí ọ̀nà wọ inú gbogbo ìtàn náà.

Garcilaso àkọ́kọ́, ọmọ Toledo ni, ọmọ ogun ni, akéwì sì ni. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Juan Boscán ni wọ́n mú ìlà ewì onísílébù mọ́kànlá ti àwọn ará Ítálì wọ inú èdè Sípéènì tí ó fi fìdí múlẹ̀. Ó kú ní ọdún 1536 nípa ọgbẹ́ ogun, ọdún 1543 ni ìyàwó tí Boscán fi sílẹ̀ sáyé lọ tó tẹ ewì àwọn méjèèjì jáde. Garcilaso kejì, ọdún 1539 ni wọ́n bí i ní Cuzco ní ilẹ̀ Pérù, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú ti àkọ́kọ́. Ọmọ Sípéènì ni bàbá rẹ̀, ọmọ ọba Inca ni ìyá rẹ̀, Gómez Suárez de Figueroa sì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Lẹ́yìn tí ó kọjá sí Sípéènì ní ọdún 1560 ni ó gba orúkọ bàbá rẹ̀, tí ó sì wá fi «Inca» ṣáájú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé ibi tí ìyá rẹ̀ ti wá. Mọ̀lẹ́bí ni òun àti akéwì Toledo yẹn. Kí ó tó kọ ìtàn àwọn ènìyàn ìyá rẹ̀, ó kọ́kọ́ túmọ̀ ìwé nípa ìfẹ́ tí Júù kan kọ ní èdè Ítálì sí èdè Sípéènì, ìtumọ̀ náà sì jáde ní ọdún 1590.

Wò ó dáadáa. Ọmọ tí Quechua jẹ́ èdè ìyá rẹ̀ ń túmọ̀ ìwé Ítálì ní Andalusia, ìwé rẹ̀ nípa Pérù sì jáde ní Lisbon ní ọdún 1609. Abala wo ni ìwọ fẹ́ fi í sí, ti Sípéènì ni tàbí ti Amẹ́ríkà? Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ ọn pé kí o ka ọ̀kan tán kí o tó bọ́ sí èkejì. Mú pépà gígùn kan, fa ìlà sí àárín rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, kọ Sípéènì sí apá kan àti Amẹ́ríkà sí apá kejì, kí o máa fi ọdún ṣe àtẹ̀gùn rẹ̀. Má ṣe kọ ìwé tí o kò tíì ṣí síbẹ̀; bí ojú ewé mẹ́wàá péré bá ni o kà nínú rẹ̀, ó tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, pépà náà yóò ṣófo gan-an, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí ó bá wà níbẹ̀, tìrẹ ni.

Ọmọ Ilé-Ìwé ní Madrid:

Ẹ ṣeun, sà. Mo fẹ́ fi kún un pé kíkà tí a ń wí yìí, kíkà ní fífarabalẹ̀ ni. Ewì Jorge Manrique ni ó la èmi lójú, èyí tí ó kọ lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀ tí ó kú ní ọdún 1476. Báyìí ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀:

*Recuerde el alma dormida,*
*avive el seso y despierte*
*contemplando*
*cómo se pasa la vida,*
*cómo se viene la muerte*
*tan callando.*

Gbogbo wa ni a kọ́ ọ ní ọdún kìíní pé *recordar* ni kí ènìyàn rántí nǹkan. Nítorí náà, mo túmọ̀ ìlà àkọ́kọ́ pé kí ọkàn tó ń sùn rántí, mo sì ń wá ohun tí ó yẹ kó rántí káàkiri gbogbo ewì náà. Nínú èdè Sípéènì àtijọ́, *recordar* túmọ̀ sí kí ènìyàn jí lójú oorun. «Kí ọkàn tó ń sùn ó jí» ni akéwì wí, ìlà kejì sì tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́. Láti ọjọ́ náà, n kì í gba ọ̀rọ̀ tí mo rò pé mo mọ̀ gbọ́ mọ́ nínú ìwé tí ó ti pẹ́. Ìwé atúmọ̀ èdè tí ilé ẹ̀kọ́ gíga èdè Sípéènì, Real Academia, tẹ̀ jáde láàárín ọdún 1726 sí 1739, tí wọ́n ń pè ní *Diccionario de Autoridades*, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, òun ni mo máa ń ṣí kí n tó ṣí ti òde òní.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ti sílébù kíkà, èyí tí ó ń dẹ́rù ba àwọn òyìnbó nínú kíláàsì wa. Ẹ ka ìlà àkọ́kọ́ yẹn lẹ́yọ lẹ́yọ: re-cuer-de-el-al-ma-dor-mi-da. Mẹ́sàn-án ni, bẹ́ẹ̀ sì ni mẹ́jọ ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ibi tí ọ̀kan gbà lọ ni pé fáwẹ́lì tí ó parí *recuerde* àti èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ *el* wọnú ara wọn. *Sinalefa* ni wọ́n ń pè é. Àwa tí a ń sọ pé «kẹ́kọ̀ọ́» dípò «kọ́ ẹ̀kọ́», tí a ń sọ pé «gbọ́mọ» dípò «gbé ọmọ», etí wa ti mọ nǹkan yìí láti ìgbà ọmú. Lóòótọ́, nínú ìpajẹ tiwa, fáwẹ́lì kan máa ń lọ pátápátá, nígbà tí ó jẹ́ pé nínú tiwọn méjèèjì ṣì ń dún nínú sílébù kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ ọ̀kan kò ní pẹ́ mọ èkejì. Ẹ kà á sókè, ẹ má ṣe fi ojú nìkan kà á. Ẹ óò gbọ́ sílébù mẹ́jọ, mẹ́jọ, lẹ́yìn náà mẹ́rin péré, *tan callando*, tí ohùn yóò já lójijì bí ìgbà tí ẹnì kan bá jáde kúrò nínú yàrá láìdágbére. Ikú tí kò pariwo ni akéwì ń sọ, ìlà tí ó fi sọ ọ́ náà kò sì pariwo. Bí ẹ bá lè kọ irú gbólóhùn yìí nínú ìdánwò, tí ẹ sì fi ìlà ewì gbè é lẹ́sẹ̀, ó ju orúkọ akéwì ogún lọ.

Ìyá Ìbejì, Houston:

Mo padà sí ilé-ìwé lẹ́yìn ọmọ mẹ́rin, mo sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́, nítorí náà n kò ní àkókò púpọ̀. Ìmọ̀ràn tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ má ṣe fi *Cantar de mio Cid*, ewì gígùn nípa akọni ogun kan, bẹ̀rẹ̀ nítorí pé òun ni ó pẹ́ jù nínú ìwé atọ́nà. Èdè rẹ̀ le, ìlà rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, ó sì lè kó àárẹ̀ bá ọkàn. *Lazarillo de Tormes* ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé kékeré ni, kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tó kọ ọ́ dájú, ọdún 1554 ni àwọn ẹ̀dà rẹ̀ tí ó pẹ́ jù lọ́wọ́ wa ti jáde, ní ọdún 1559 sì ni Inquisición, ilé ẹjọ́ ìjọ Kátólíìkì, fòfin dè é nítorí ohun tí ó sọ nípa àwọn àlùfáà. Ní ọdún 1992, àwọn tí ń tún ilé kan ṣe ní Barcarrota rí ẹ̀dà kan tí a mọ mọ́ inú ògiri pẹ̀lú àwọn ìwé mìíràn. Ẹnì kan ti gbé e pamọ́ síbẹ̀ láti àìmọye ọdún. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ó yé mi pé ìwé lè jẹ́ ohun tí ènìyàn ń bẹ̀rù àtisọnù àti ohun tí ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má bá lọ́wọ́ òun lẹ́ẹ̀kan náà.

Ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí àbúrò wa kà, nítorí ìbéèrè rẹ̀ kẹta. Lẹ́yìn tí bàbá Lázaro, ọmọ tí ń sọ ìtàn náà, kú, ìyá rẹ̀ fẹ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ń jẹ́ Zaide, tí ń tọ́jú ẹṣin fún ọlọ́lá kan. Ẹ̀rù rẹ̀ kọ́kọ́ ba ọmọ náà, títí ó fi rí i pé bí Zaide bá ti dé, búrẹ́dì dé, ẹran dé, igi ìdáná ìgbà òtútù náà sì dé. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan, dúdú bíi bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ọmọ kékeré yìí wo ìyá rẹ̀ àti Lázaro tí awọ wọn funfun, ó wo bàbá rẹ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀, ó sá tọ ìyá rẹ̀ lọ, ó nàka sí bàbá, ó ní iwin dé. Lázaro sì rò ó nínú ara rẹ̀ pé mélòó ni yóò wà láyé tí ń sá fún ẹlòmíràn nítorí pé wọn kò rí ara wọn. Wọ́n kọ èyí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún márùn-ún ọdún ó dín díẹ̀ sẹ́yìn. Mo kà á fún àwọn ọmọ mi, èyí àbígbẹ̀yìn sì ní kí n tún un kà.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí *Lazarillo*. Lórí *Cid*, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan: kí ó ka abala àkọ́kọ́ nìkan, ibi tí ọkùnrin náà ti ń sunkún wo ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ gbàǹgbà bí ó ti ń lọ lẹ́yìn tí ọba lé e kúrò nílùú. Ewé àkọ́kọ́ ti sọnù nínú ìwé àfọwọ́kọ kan ṣoṣo tí ó kù, nítorí náà ojú ẹkún yẹn gan-an ni ewì náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ní ti *Don Quijote* tí Cervantes kọ, apá kìíní 1605 àti apá kejì 1615, kò sí ọgbọ́n tí ènìyàn lè dá sí i ju pé kí ó kà á díẹ̀díẹ̀ jálẹ̀ ọdún, orí méjì tàbí mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kan. Kò dára kí ènìyàn fi àkópọ̀ rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Bí o bá dé orí kẹsàn-án apá kìíní, dúró síbẹ̀. Asọ̀tàn náà wà ní ọjà ní Toledo, ìtàn ti já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì rí ọmọkùnrin kan tí ń ta ìwé àtijọ́ tí a fi Lárúbáwá kọ. Ó wá Morisco kan (ìran àwọn Mùsùlùmí Sípéènì tí wọ́n fipá sọ di Kristẹni) tí yóò túmọ̀ rẹ̀, èso àjàrà gbígbẹ àti àlìkámà ni ó sì fi san owó iṣẹ́ náà. Cervantes lo ọdún márùn-ún ní ìgbèkùn ní Algiers, láti 1575 sí 1580. Ó mọ ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ó fi ìtàn akọni Sípéènì sí ẹnu òpìtàn Mùsùlùmí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì:

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ẹ ṣeun, mà. Mo ti ka orí kìíní *Lazarillo* lánàá, mo sì ti fa ìlà sí àárín pépà mi. Ṣé ẹnikẹ́ni lè túbọ̀ ṣàlàyé apá tó kan Yorùbá fún mi? A ní láti yan àkòrí iṣẹ́ àkànṣe kí ọdún tó parí.

Olùwádìí Ọ̀rọ̀ Kúbà:

Ọmọ ìyá, ó kàn wá, ó sì kàn wá gidigidi, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yẹ̀. Púpọ̀ nínú wa máa ń sáré sínú iṣẹ́ yìí láti wá Ṣàngó àti Yemọja, bí a bá sì ti rí wọn, a ó pa ìwé dé, a ó ní a ti ríran. Wíwà tí òrìṣà wà nínú ìwé kò tíì jẹ́ àlàyé ìwé. Béèrè ohun tí òǹkọ̀wé ń fi wọ́n ṣe.

Mú Nicolás Guillén, akéwì Kúbà. Ní ọdún 1947, nínú *El son entero*, ó tẹ ewì kan tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ *Son número 6*, ọ̀rọ̀ méjì tí ó sì fi ṣí i ni *Yoruba soy*, ọmọ Yorùbá ni mí. Kà á sókè pẹ̀lú ahọ́n Kúbà. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé òun ń sunkún ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ ẹkún yẹn, *lloro*, ní ahọ́n wọn ń dún bíi *yoro*. Nítorí náà, *yo* tí ó wà nínú orúkọ wa, *yo* tí ó wà nínú ẹkún náà, àti *yo* tí ó túmọ̀ sí «èmi» ní èdè Sípéènì, ìró kan náà ni. Ó fi orúkọ wa kọ́ «èmi» rẹ̀. Ṣùgbọ́n máa bá a lọ: bí ewì náà ti ń lọ, ó tún ní Lucumí (orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá ní Kúbà) ni òun, Mandinga ni òun, Congo ni òun, Carabalí ni òun, ó sì kó dúdú àti funfun pọ̀ sínú *son*, orin tí wọ́n jọ ń jó. Bí o bá dúró lórí ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ nìkan, o ti ja ewì náà lólè. *Son* yìí ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́: *Motivos de son* jáde ní Havana ní oṣù Igbe ọdún 1930, ní àkókò tí Federico García Lorca láti Sípéènì wà ní ìlú náà. Ìlà kan nìyẹn tí ó gba àárín pépà rẹ kọjá.

Juan Francisco Manzano tún ń bẹ. Ẹrú ni ní Kúbà, ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé, ó sì kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní ọdún 1835. Àwọn ọ̀rẹ́ Domingo del Monte, onímọ̀ lítíréṣọ̀ kan ní Kúbà, dáwó jọ láti ra òmìnira rẹ̀. Ìtàn náà kọ́kọ́ jáde ní London ní ọdún 1840, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀dà ti èdè Sípéènì sì dúró di ọdún 1937 kí ó tó rí ìmọ́lẹ̀. Bí o bá fẹ́ kọ nípa rẹ̀, wo ẹ̀dà tí o mú dáadáa, nítorí pé àwọn kan ti tún sípẹ́lì àti gírámà rẹ̀ ṣe, àwọn mìíràn sì fi í sílẹ̀ bí ọwọ́ rẹ̀ ti kọ ọ́. Ìyàtọ̀ yẹn nìkan tó iṣẹ́ àkànṣe kan: ta ni ó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹlòmíràn bá tún sípẹ́lì ẹrú ṣe?

Lydia Cabrera, òǹkọ̀wé Kúbà, kó ọ̀rọ̀ Lucumí jọ sínú *Anagó* ní ọdún 1957, lẹ́yìn *El Monte* ti ọdún 1954. Yóò wù ọ́ láti fi ọ̀rọ̀ ilé rẹ túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Ṣe sùúrù. Sípẹ́lì Sípéènì ni ó fi kọ ọ́, kò sí àmì ohùn bíi tiwa, àwọn ọ̀rọ̀ náà sì ti gbé ìgbésí ayé tiwọn ní òkè òkun fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí ó jọ tiwa lè má jẹ́ ohun tí a rò. Kọ ohun tí ìwọ gbọ́ sílẹ̀, kí o sì sọ pé bí ìwọ ti gbọ́ ọ nìyẹn.

Bí o bá ní agbára ìwé ńlá, Manuel Zapata Olivella ti Kòlóńbíà tẹ *Changó, el gran putas* jáde ní ọdún 1983. Ewì gígùn tí ó fi ń pe àwọn òrìṣà ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn oko ẹrú dé Amẹ́ríkà. Ìwé tí ó le ni, má ṣe mú un ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Má sì gbàgbé Guinea Ecuatorial tí ó wà ní àdúgbò wa gan-an, níbi tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń kọ̀wé ní èdè Sípéènì: *Ekomo* tí María Nsue Angüe kọ ní ọdún 1985 kì í sábà sí nínú ìwé atọ́nà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó wà lórí pépà rẹ.

Ọmọ Ilé-Ìwé ní Madrid:

Ọ̀rọ̀ ìwé ọ̀fẹ́, kí n má baà gbàgbé. Biblioteca Virtual Miguel de Cervantes, tí yunifásítì Alicante dá sílẹ̀ ní ọdún 1999, ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìwé àtijọ́ tí a ti dárúkọ. Ilé ìkàwé ìjọba ní Madrid ti ya àwòrán ọ̀pọ̀ ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, *Cid* náà sì wà níbẹ̀. Ìwé tí Guaman Poma kọ sí ọba Sípéènì láti Pérù ní nǹkan bí ọdún 1615, tí àwòrán inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó irinwó, wà lórí ìkànnì ilé ìkàwé Copenhagen. Ẹ wo àwòrán wọnnì kí ẹ tó ka ohunkóhun nípa wọn. Ṣùgbọ́n fún ìwé tí ẹ óò fi ṣe ìdánwò, ẹ yá ẹ̀dà tí ó ní àlàyé ní ìsàlẹ̀ ojú ewé láti yàrá ìkàwé, nítorí pé ẹ̀dà ọ̀fẹ́ kì í sábà ní i.

Ìyá Ìbejì, Houston:

Wọ́n ní kí n má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú García Márquez, mo sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, n kò kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n *Cien años de soledad* ti ọdún 1967 kò já láti ojú ọ̀run. Nígbà tí mo padà ka *Pedro Páramo* tí Juan Rulfo kọ ní 1955, tí mo sì ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí Alejo Carpentier kọ sí *El reino de este mundo* ní 1949 lórí ohun ìyanu tó wà nínú ayé gidi ní Amẹ́ríkà, ni mo rí ẹni tó ṣáájú ẹni. Kí àbúrò wa má ṣe fo Rubén Darío, akéwì ọmọ Nicaragua, náà. *Azul* rẹ̀ jáde ní Valparaíso ní ọdún 1888, àwọn akéwì Sípéènì sì jókòó kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì:

Ẹ̀yin àgbà, mo padà wá jábọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwé mọ́kànlá ni ó wà lórí pépà mi báyìí, mo sì ti ṣí gbogbo wọn. Lánàá ni mo wá kọ 1609 sí i. Ní apá Amẹ́ríkà, mo fi ìwé Inca Garcilaso síbẹ̀. Ní apá Sípéènì, mo fi *Arte nuevo* síbẹ̀, ibi tí Lope de Vega ti ṣàlàyé bí òun ṣe ń kọ eré fún àwọn ará ọjà. Nígbà tí mo wá ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún kan náà, mo rí i pé ọdún yẹn ni ọba bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn Morisco kúrò ní ilẹ̀ Sípéènì. Mo rántí Morisco tó túmọ̀ ìwé ní ọjà Toledo, mo sì wá apá kejì *Quijote* lọ, mo bá Ricote níbẹ̀ ní orí kẹrìnléláàádọ́ta, Morisco tí wọ́n lé lọ tí ó fi aṣọ arìnrìn-àjò pa ara rẹ̀ dà kí ó lè padà wá hú owó tí ó rì mọ́lẹ̀. Ó sọ fún Sancho, aládùúgbò rẹ̀ àtijọ́, pé ibi gbogbo tí àwọn bá dé, Sípéènì ni àwọn ń sunkún fún.

Mo ti kọ̀wé sí olùkọ́ mi pé ọdún 1609 ni mo fẹ́ fi ṣe àkòrí, ìwé méjì láti apá méjèèjì pépà náà àti Ricote ní àárín wọn. Ó dáhùn láàárọ̀ yìí pé kí n wá rí òun ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, kí n sì mú pépà náà dání.